Wàláà Irin Tí A Kò Kà

Nígbà tí a bá wọ ọkọ̀ ojú irin, ta ni nínú wa tí í ronú kan olùṣọ́ àmì, ẹni tí ń gbé ọ̀pá àmì sókè, tí ó sì ń sọ ọ́ kalẹ̀? Ẹ̀mí wa ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Ìlú Ọba láyé ọjọ́un, ní ọ̀pọ̀ ibi tí ojú irin ti jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, awakọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá láìgba wàláà irin tí a kọ orúkọ tẹ́ṣàn méjì sí lára. Bí ọ̀kan bá ti jáde nínú ẹ̀rọ, òmíràn kò lè jáde fún ọ̀nà náà.

Ní ọjọ́ 26 oṣù January, ọdún 1921, ní Abermule ní ilẹ̀ Wales, ọmọdékùnrin òṣìṣẹ́ kan gba wàláà ọkọ̀ tí ó ti Montgomery dé. Ó fẹ́ lọ gba tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì fi í lé adelé ọ̀gá tẹ́ṣàn lọ́wọ́. Èyí rò pé ti ọ̀nà iwájú, ti Newtown, ni. Ó dá a padà fún awakọ̀. Awakọ̀ pẹ̀lú kò wò ó. Wàláà tí ó gbé wá náà ni ó gbé lọ! Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà í gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ ilé, tí a ó fi í sápò láìwò ó.

Ọkọ̀ ayára kan ń bọ̀ láti Newtown. Wọ́n forí gbá ara wọn. Ènìyàn 17 kú, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ olùdarí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà.

Inú ilé tẹ́ṣàn ni ẹ̀rọ wàláà wà, kì í ṣe lọ́dọ̀ olùṣọ́ àmì.