Àṣẹ láti Ọ̀nà Jíjìn: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Darí Ẹ̀rọ Ìwọ̀n Iná

Ohun kan tó máa ń dá ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ dúró ni pé ẹ̀rọ ìwọ̀n kì í kárí. Akẹ́kọ̀ọ́ á pọ̀ rẹpẹtẹ, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọn yóò tò síwájú rẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, wọn á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Lọ́dún 1998 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Jesús del Alamo, ní yunifásítì MIT nílẹ̀ Amẹ́ríkà, so ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ transistor wò mọ́ kọ̀ǹpútà, tó sì so kọ̀ǹpútà náà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe ìdánwò láti yàrá rẹ̀, ì báà jẹ́ lóru. Nígbà tó yá, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, dara pọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà, pẹ̀lú Makerere ní Uganda àti Dar es Salaam ní Tanzania. Ifẹ̀ kò sì fi mọ sí lílo ti Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣe tiwọn sílé, kí àwọn ọmọ wọn lè fi kọ́ nípa op-amp.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni kó kọ́kọ́ wò. Àwọn tó ti pẹ́ ní ojú ibi tí wáyà GPIB ń wọ̀. Iléeṣẹ́ Hewlett-Packard ló gbé e jáde ní òpin àwọn ọdún 1960, ó sì di ìlànà IEEE 488 lọ́dún 1975. Ẹ̀rọ tó wà lórí wáyà yìí kò gbọdọ̀ ju 15 lọ, tòun ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, gbogbo wáyà lápapọ̀ kò sì gbọdọ̀ gùn ju mítà 20 lọ. Olúkúlùkù ẹ̀rọ ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, láti 0 dé 30. Bí méjì bá ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà, ìdàrúdàpọ̀ dé nìyẹn. Àwọn tòde òní ń lo USB tàbí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èyí tí ìlànà LXI tó jáde lọ́dún 2005 dá lé. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́ kò ní láti jù ú nù. Kọ̀ǹpútà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á máa gba àṣẹ fún un.

Lẹ́yìn wáyà ló kan èdè. Lọ́dún 1990 ni ìlànà èdè kan jáde fún àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, SCPI ni wọ́n ń pè é. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ "*IDN?" ránṣẹ́, ó ń béèrè pé, "Ta ni ọ́?" Ẹ̀rọ á dá a lóhùn, á dárúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é, irú ẹ̀yà tó jẹ́, nọ́ńbà ara rẹ̀ àti ètò tó wà nínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ àṣẹ mìíràn kí ìdáhùn yìí tó wọlé. Bó bá ti wọlé, "MEAS:VOLT:DC?" á mú iye fólítì wá. Àmì ìbéèrè tó wà níparí yẹn ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Àṣẹ tí kò bá ní in, ẹ̀rọ á ṣe é láìfọhùn. Bí kọ̀ǹpútà bá wá ń dúró de èsì, á dúró títí àsìkò á fi tán, ẹni tó jókòó tì í á sì rò pé wáyà ló já. Ètò LabVIEW, tó ti wà láti ọdún 1986, ni àwọn kan fi ń kọ àṣẹ wọ̀nyí. Ọ̀fẹ́ ni Python àti PyVISA ní tiwọn.

Títí débí yìí, kò sí ohun tó le. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé ẹni tó ń pàṣẹ kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wo fólítì lásán kò lè ṣe aburú kan tó tó nǹkan, ṣùgbọ́n èyí tó ń pèsè iná ńkọ́? Bí ènìyàn bá jókòó sí Ìbàdàn, tó rán fólítì 30 sí ohun tí kò yẹ kó gbà ju 5 lọ ní Ifẹ̀, imú rẹ̀ kò ní gbóòórùn èéfín. Ó tún lè jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn wà lára wáyà lákòókò náà gan-an. Nítorí náà, kí wọ́n fi ọwọ́ ṣe òdiwọ̀n fólítì àti áńpù sórí ẹ̀rọ kí kọ̀ǹpútà tó dé ibẹ̀, kí súìṣì tí wọ́n fi lè pa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan wà nítòsí, kí gílóòbù pupa sì máa tàn nígbà tí àṣẹ bá ń ti òkèèrè wọlé.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, iná á kú. Irọ́ ni. Àṣẹ tí ẹ̀rọ gbà kẹ́yìn ló máa ń dì mú, yóò sì máa ti iná jáde lọ. Kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́ láti máa ṣọ́nà: bí kò bá gbúròó ọ̀gá rẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, kó fi "OUTP OFF" ránṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ olè náà tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń gba àṣẹ ní ojú ọ̀nà 5025 láìbéèrè páswọ́ọ̀dù kankan. Ẹni tó bá ti mọ àdírẹ́sì rẹ̀ ti di ọ̀gá rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lásán. Nínú iṣẹ́ ti MIT tí Ifẹ̀ bá wọn lọ́wọ́ sí, akẹ́kọ̀ọ́ kì í bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ tààrà. Kọ̀ǹpútà kan wà láàárín tó ń béèrè ẹni tó dé, òmíràn á yẹ ohun tó fẹ́ ṣe wò kí ẹ̀rọ tó gbọ́ ọ.

Kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ ní òun nìkan, kí wọ́n so gílóòbù kékeré mọ́ ọn, kí wọ́n tàn án láti òkèèrè, kí ẹnìkan tó dúró tì í sì yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí gílóòbù náà kò bá kú láàárín àsìkò tí wọ́n dá fún un, iṣẹ́ kò tíì parí.