Okùn Tí A Fà Tí Ó Ń Sanra

Ní ọjọ́ kan tí mo ń fi rọ́bà di ìwé, ọmọ kan bi mí pé: “Àáfà, kí ló dé tí rọ́bà fi ń tín-ín-rín bí ẹ bá fà á?” Mo ní bí ọ̀pọ̀ nǹkan ti rí nìyẹn: bí ó bá gùn sí i, ìbú rẹ̀ a dín kù. Ṣùgbọ́n okùn kan wà tí ó jẹ́ pé bí a bá fà á, ńṣe ni ó ń sanra. Iná tí a wọ̀n ni ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ní 1987, Roderic Lakes ní Amẹ́ríkà fún fóòmù pọ̀ láti ìhà gbogbo, ó fi ooru mú un rọ̀, ó sì jẹ́ kí ó tutù bẹ́ẹ̀. Àwọn ihò inú rẹ̀ ká sínú. Bí a bá fà á, wọn a nà síta, fóòmù a sì fẹ̀.

Ní nǹkan bí 2002, àwọn olùwádìí ní Bolton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe okùn tín-ín-rín irú rẹ̀ láti ara polypropylene, ohun kan náà tí a fi ń hun àpò ìrẹsì. Ẹni tí ń ṣe okùn lásán a máa yọ́ ọ pátápátá, ní ooru tí ó ju 200 Sẹ́ńtígíréèdì lọ. Àwọn wọ̀nyí lo nǹkan bí 159. Ẹ wo ìrẹsì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná: hóró lẹ̀ mọ́ hóró, síbẹ̀ a lè kà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni hóró inú okùn yìí rí. Bí a bá fà á, hóró kan a ti èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́, okùn a sì fẹ̀.

Bí ooru bá kéré jù, àwọn hóró kò ní lẹ̀ mọ́ra, okùn yóò já. Bí ó bá pọ̀ jù, ìrẹsì ti di túwó nìyẹn: okùn yóò padà di èyí tí ń tín-ín-rín.

Kí ni àǹfààní rẹ̀? Bí a bá fi okùn lásán sínú ohun mìíràn kí ó lè lágbára, tí a sì fà á, a máa tín-ín-rín, a sì yọ́ jáde. Èyí a máa wú, a sì di ibẹ̀ mú ṣinṣin. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wádìí rẹ̀ fún ẹ̀wù ààbò àti òwú tí dókítà fi ń rán ọgbẹ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kíyè sí i: ohun èlò kò yí padà, ìwọ̀n ooru wà lára ohun pàtàkì tí ó yí ìwà rẹ̀ padà. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo ìwọ̀n nínú ìṣirò àti nínú iṣẹ́ ọwọ́ yín.