Olórin àti Ẹ̀ṣọ́ Rẹ̀: Ìfẹ́ Àsìkò Ìsinmi Láàárín "Ẹ" àti "O"

Ó dájú pé ẹ ti wo irú fíìmù yìí rí, pàápàá nínú oṣù Kejìlá tí òtútù kì í jẹ́ kí ènìyàn fẹ́ jáde nílé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà tí orin rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde. Èrò tí ń wá a kiri ti pọ̀ ju ohun tí ìyá rẹ̀ lè dá mójú tó lọ, ni wọ́n bá gba ẹ̀ṣọ́ kan fún un. Ẹ̀ṣọ́ yìí ga, ó wọ aṣọ dúdú, kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé olórin náà lọ sí ìlú kékeré kan kí ó lè sinmi nígbà Kérésìmesì. Yìnyín dí ọ̀nà. Kí a tó wí kí a tó fọ̀, ẹ̀ṣọ́ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ bí yóò ṣe parí kí ẹ tó jókòó, síbẹ̀ ẹ kò dìde.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó wo ohun tí ó ń mú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ni a ó wo ohun tí ojú rẹ̀ máa ń rí nígbà tí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá. Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní, tí kò sì sí bí olórin àti ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ṣe lè ṣe é tì.

Fíìmù tí gbogbo àwọn yòókù ń wo àwòkọ́ṣe rẹ̀ ni The Bodyguard, tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kọkànlá ọdún 1992. Whitney Houston ni ó ṣe olórin tí ń jẹ́ Rachel Marron. Fíìmù àkọ́kọ́ tí ó kópa nínú rẹ̀ nìyẹn. Kevin Costner ni ó ṣe Frank Farmer, ẹ̀ṣọ́ tí ó ti ṣọ́ ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1975 ni Lawrence Kasdan ti kọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kí ó tó rí ẹni tí yóò ṣe é. Nígbà tí ó wá jáde, owó tí ó pa kárí ayé ju 400 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, wọ́n sọ ọ́ di eré orí ìtàgé ní Adelphi Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù.

Fíìmù náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìtàn ẹ̀rín. Ẹnì kan ń kọ lẹ́tà ìdẹ́rùbà sí Rachel. Frank gbé e sá lọ sí ilé onígi bàbá rẹ̀ létí adágún, nínú yìnyín, kí ọkàn gbogbo wọn lè balẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni apani ti wá bá wọn, tí ó sì pa arábìnrin Rachel. Lójú tèmi, ilé onígi yẹn ni àwọn fíìmù Kérésìmesì mú: yìnyín, ilé bàbá, oúnjẹ gbígbóná. Wọ́n fi apani sílẹ̀. Wọ́n tún yí ìparí rẹ̀ padà, nítorí pé Rachel àti Frank kò fẹ́ ara wọn. Ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n fẹnu ko ara wọn lẹ́nu, oníkálukú sì bá tirẹ̀ lọ. Orin tí ó gba fíìmù náà kan, I Will Always Love You, orin ìdágbére ni òun náà. Dolly Parton ni ó kọ ọ́, ó sì gbé e jáde ní ọdún 1974, láti fi dágbére fún Porter Wagoner tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ orí tẹlifíṣọ̀n. Ohùn Whitney Houston gbé e dé ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ 14. (Títí di òní, àwọn ènìyàn ń fi jó níbi ìgbéyàwó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jó.)

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ díẹ̀, torí inú iṣẹ́ yẹn ni gbogbo ìdùn ìtàn náà ti ń wá. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó bí ẹ̀ṣọ́ ni ṣọ́. Ẹni tí ó ń ṣọ́ nǹkan kì í gbójú kúrò lára rẹ̀. Bí ẹ bá fi ara kún un, ẹ ó rí ṣọ́ra: ẹni tí ó ń ṣọ́ra ń ṣọ́ ara rẹ̀. Olórin gba ẹ̀ṣọ́ nítorí pé kò lè dá ṣọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ẹ má pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní máígádì o. Ẹnu géètì ni máígádì ń jókòó sí, ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ni a sì ti yá orúkọ rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, oyè ńlá ni Ẹ̀ṣọ́. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, sọ pé àádọ́rin ni wọ́n, àti pé ìtìjú gbáà ni fún Ẹ̀ṣọ́ tí ọfà bá bá lẹ́yìn. Iwájú ni ọgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Nígbà tí Frank Farmer sáré bọ́ síwájú Rachel, tí ó fi ara tirẹ̀ gba ọta ìbọn, kò mọ̀ pé òun ti di ọmọ Ìkòyí.

Ẹ̀ṣọ́ tí ó mọṣẹ́ máa ń lọ wo gbọ̀ngàn kí olórin tó dé. Ó mọ ilẹ̀kùn tí wọn yóò gbà jáde bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀, ó sì mọ ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí. Nígbà tí orin bá ń lọ lọ́wọ́, ó kẹ̀yìn sí olórin, ó kọjú sí èrò. Ọwọ́ àwọn ènìyàn ni ó ń wò, torí ọwọ́ ni a fi ń mú ohun ìjà. Gbogbo èrò ń wo olórin. Òun nìkan ni kò gbọdọ̀ wò ó. Ẹ wá fojú inú wo ohun tí ìfẹ́ máa ń ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ìfẹ́ bá wọ̀ lára fẹ́ yíjú padà wẹ́rẹ́. Wẹ́rẹ́ yẹn ti tó fún ẹni tí ó fẹ́ ṣe ibi. Ìdí nìyẹn tí Frank fi sọ fún Rachel, lẹ́yìn alẹ́ tí wọ́n jọ lò, pé ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ lọ síwájú. Inú bí Rachel púpọ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jàre.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà ńbẹ̀. Olórin ni ó ń san owó oṣù. Bí ẹ̀ṣọ́ bá kọ ìfẹ́ ọ̀gá rẹ̀, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀; bí ó bá gbà á, wọn á ní owó ni ó ń lé. Nítorí náà, nínú gbogbo ìtàn ìsinmi báyìí, èyí tí mo máa ń fẹ́ràn jù ni èyí tí ẹ̀ṣọ́ ti kọ́kọ́ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó tó fẹnu ko ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú ayé náà. Stéphanie, ọmọ ọba Monaco, ti kọ orin tí ó gbajúmọ̀ ní Faransé ní ọdún 1986. Ní ọdún 1995, ó fẹ́ Daniel Ducruet, ẹni tí ó ti jẹ́ ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Ní ọdún kejì, wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀.

Ó yá, ká ní ẹ̀yin ni ẹ fẹ́ sọ irú ìtàn yìí ní Yorùbá. Ẹ gbé e lọ sí Èkó nínú oṣù Kejìlá. Kò sí yìnyín níbẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni yóò dí ọ̀nà. Àwọn ọmọ Yorùbá ti fò wálé láti Lọ́ńdọ̀nù, Houston àti Toronto, alaalẹ́ sì ni òde orin. Ìsinmi àwọn wọ̀nyẹn ni iṣẹ́ olórin àti ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Olórin wa jẹ́ ọmọ ọdún 24. Ẹ̀ṣọ́ jẹ́ ọmọ ọdún 31. Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí: ta ni yóò máa sọ "ẹ" fún ta?

Ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sí wàhálà. Ní Yorùbá, ẹ̀ṣọ́ fi ọdún méje ju olórin lọ, nítorí náà olórin kò lè máa sọ "o" fún un. Ṣùgbọ́n olórin ni ọ̀gá, ẹ̀ṣọ́ náà kò lè sọ "o" fún un. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì yóò máa sọ "ẹ" fún ara wọn:

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀kalẹ̀ lọ bá àwọn èrò lónìí."

"Bọ̀dá, ẹ fọkàn balẹ̀. Orin kan péré ni mo fẹ́ kọ láàárín wọn."

Ọ̀wọ̀ ni. Ó sì tún dà bí ògiri láàárín wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, olórin gun orí ìtàgé, ó sì pariwo sí èrò pé, "Mo nífẹ̀ẹ́ yín o!" Ẹ rántí pé iṣẹ́ méjì ni "yín" ń ṣe. Ó wà fún ènìyàn púpọ̀. Ó tún wà fún ẹnì kan ṣoṣo tí a bọ̀wọ̀ fún. Ẹ̀ṣọ́ kẹ̀yìn sí olórin, ó gbọ́ ọ. Ṣé ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ó wà níwájú ni olórin ń bá sọ̀rọ̀, àbí ẹnì kan tí ó dúró nísàlẹ̀ ìtàgé? Gírámà kò lè dá a lóhùn. Mi ò rò pé olórin fúnra rẹ̀ mọ̀.

Ní aago mẹ́ta òru, wọ́n wà nínú ọkọ̀ lórí afárá Third Mainland. Olórin na ike ìrẹsì tútù kan sí ẹ̀ṣọ́, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. "O" ni ó sọ. Bí ó bá jẹ́ ní ọ̀sán ni, níwájú èrò, ìwọ̀sí ni, ìyá rẹ̀ ì bá sì bá a wí gidigidi. Ẹni tí ó jù wá lọ ni ó lè bẹ̀rẹ̀ "o" láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, olórin sì ju ẹ̀ṣọ́ ní ipò, kò jù ú ní ọjọ́ orí. Ẹ̀ṣọ́ dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fèsì: "Mi ò tíì jẹun. Ìwọ ńkọ́?"

Ó parí. Wọn kò dárúkọ ìfẹ́ rárá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, níwájú àwọn òṣìṣẹ́ yòókù, wọ́n padà sí "ẹ", wọ́n sì ń pè é kedere jù. Awakọ̀ tí ó gbọ́ "o" lóru tí ó tún gbọ́ "ẹ" láàárọ̀ kò nílò àlàyé. Ẹ má wá rò pé kò sí ìfẹ́ níbi tí "ẹ" bá wà o. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ni ó ń sọ "ẹ" fún ọkọ rẹ̀ títí ayé, àwọn mìíràn sì ń sọ "o" nínú yàrá àti "ẹ" níwájú àwọn òbí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni kí ẹ máa wò.

Bí awakọ̀ bá wá fẹ́ ròyìn fún ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ kékeré mìíràn ń dúró dè é. "Ó" ti Yorùbá kò sọ ọkùnrin tàbí obìnrin. "Ó sọ fún un pé òun fẹ́ràn rẹ̀": ẹni tí ó sọ̀rọ̀ náà ni ó ní ìfẹ́, torí "òun" ń tọ́ka padà sí i. "Ó sọ fún un pé ó fẹ́ràn rẹ̀": ẹlòmíràn wà nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ń darí sábà máa ń gbàgbé "òun", wọ́n á sì ti gbé ìfẹ́ ẹ̀ṣọ́ fún ẹni tí kò sí nínú ọkọ̀.

Ohùn náà ńkọ́? "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ" wà fún ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀", pẹ̀lú àmì ohùn ìsàlẹ̀, wà fún ẹlòmíràn. Ẹ pe é dáadáa, torí ìjà ni. "Mo fẹ́ràn rẹ" fẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ jù ú lọ. Ènìyàn lè fẹ́ràn mọ́ínmọ́ín. Ní ti "mo fẹ́ ọ", ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti wọ̀ ọ́, kò sì yẹ kí ẹ̀ṣọ́ sọ ọ́ lórí afárá. Ẹ tún kíyè sí i pé a ń sọ "fẹ́ ọ" ṣùgbọ́n "fẹ́ràn rẹ" àti "nífẹ̀ẹ́ rẹ". Ọ̀ràn fara pamọ́ sínú "fẹ́ràn", ìfẹ́ fara pamọ́ sínú "nífẹ̀ẹ́". Ọ̀ràn rẹ àti ìfẹ́ rẹ ni a ń sọ.

Oṣù Kìn-ín-ní dé. Àwọn àlejò ń padà sí òkè òkun, olórin náà sì ní òde ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n dé pápákọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà, ìyá olórin sì wà pẹ̀lú wọn. Iṣẹ́ yín ni láti kọ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀, kí ó má ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ. Ẹ pinnu bóyá ẹ̀ṣọ́ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tàbí kò tíì fi í sílẹ̀. Ẹ lo "òun" lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán. Kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ̀ṣọ́ sọ sí olórin, ẹ rántí pé ìyá ń gbọ́.