Òkè Àkọ́kọ́ Ni Àpò Owó: Ohun Tí Géèmù Kan Ń Kọ́ni Nípa Roller Coaster

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo ṣe nínú géèmù náà gun òkè kìíní, ó fi eré àsápajúdé sọ̀ kalẹ̀, ó dojú kọ òkè kejì, ó wá kù díẹ̀ kó dé orí rẹ̀, ló bá dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn. Ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀, bí ọmọ tó wà lórí jáńgílófà tí kò sẹ́ni tó ń tì í mọ́, títí ó fi sinmi sí àárín kòtò. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ òkè kejì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ.

RollerCoaster Tycoon ni orúkọ géèmù ọ̀hún. Ọdún 1999 ló jáde, ọmọ Scotland kan tó ń jẹ́ Chris Sawyer ló sì kọ ọ́. Títí dòní ni àwọn tó ń kọ kóòdù ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà tó gbà: nínú ìdá 100 kóòdù rẹ̀, ìdá 99 ló fi èdè assembly kọ. Èdè yẹn sún mọ́ ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ débi pé gbogbo ìṣísẹ̀ lèèyàn ní láti là sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, bí ìgbà tí èèyàn ń kọ́ ọmọdé ní bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. Èrè ibẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà tí kò lágbára rárá ní ayé ìgbà náà gbé ọgbà ìgbafẹ́ tó kún fún èrò, tí oníkálukú ní ebi tirẹ̀, owó tirẹ̀ àti ìbẹ̀rù tirẹ̀. Ìwọ lo ni ọgbà. O lè ta ìpanu, o lè gba owó ẹnu ọ̀nà, o lè gba agbálẹ̀ síṣẹ́. Ṣùgbọ́n roller coaster (kósítà), ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń gun òkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lójú irin, ni àwọn èrò bá wá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ pé ọkọ̀ kósítà kò ní ẹ́ńjìnnì. Ṣéènì ló ń fà á gun òkè kìíní, bí ṣéènì bá sì ti jọ̀wọ́ rẹ̀, kò tún sí ìrànlọ́wọ́ kankan mọ́. (Àwọn kan wà tí ẹ̀rọ ń ta láti ilẹ̀ bí ọfà, irú Kingda Ka tó ga ní mítà 139 ní New Jersey kí wọ́n tó wó o lulẹ̀ ní 2025. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ ná.) Gíga òkè kìíní ni owó tó wà lápò ọkọ̀. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń ṣẹ́ owó náà sí eré. Bó bá tún ń gun òkè kejì, ó ń kó eré náà padà sínú gíga. Owó náà ì bá máa yí po báyẹn títí láé, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó ń lu ojú ọkọ̀ àti táyà tó ń ha irin kò ní ṣàìyọ tiwọn, gẹ́gẹ́ bí alájọ ṣe ń yọ tirẹ̀ lóṣooṣù. Nítorí náà, kò sí òkè kan lẹ́yìn tí kìíní tó gbọdọ̀ ga tó o. Awakọ̀ tó ń fi ọkọ̀ sí fíríì bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn mọ ìṣirò yìí láìlo kálámù.

Ibi tí géèmù ti ń dójú ti alágídí ni pé gíga kì í fi ìrọ̀rùn di eré. Bí a bá yọ ti afẹ́fẹ́ kúrò, òkè mítà 20 yóò fún ọkọ̀ ní eré tó tó kìlómítà 71 ní wákàtí kan. Mítà 40 kò ní fún ọ ní 142. Àfi kí o kọ́ ọ dé mítà 80. Ìlọ́po mẹ́rin gíga fún ìlọ́po méjì eré, gbogbo irin yẹn ló sì ń jẹ owó.

Ìyípo tó ń dorí èèyàn kodò ni mo fẹ́ràn jù láti ṣàlàyé, torí pé ayé gan-an ló kọ́kọ́ ṣì í ṣe. Ní Coney Island, New York, ní 1895, wọ́n ṣí kósítà kan tí wọ́n ń pè ní Flip Flap Railway. Ìyípo rẹ̀ rí roboto bí ẹnu ìkòkò. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ọrùn èrò ló ń sanwó rẹ̀. Ìdí rèé: kí ọkọ̀ tó lè gba orí òbìrìkítí tó pé kọjá láìjábọ́, ó ní láti ti ìsàlẹ̀ kó eré púpọ̀ wọ̀ ọ́. Bí a bá ṣírò eré tó kéré jù tó lè gbà á kọjá, èrò inú ọkọ̀ yóò wúwo ní ìlọ́po mẹ́fà nísàlẹ̀. Ẹni tó wọn kílò 70 yóò dà bí kílò 420. Ti Flip Flap tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún 1976 ni ọ̀rọ̀ náà tó yanjú dáadáa, nígbà tí àwọn ará Jámánì méjì, Anton Schwarzkopf tó ń kan ọkọ̀ àti Werner Stengel tó ń ṣírò, gbé kósítà Revolution kalẹ̀ ní ọgbà ìgbafẹ́ Magic Mountain ní California. Wọ́n pa òbìrìkítí tì. Wọ́n fa ìyípo náà gùn bí omi tó fẹ́ kán: ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, ó ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òkè rẹ̀ há, níbi tí eré ti dín kù. Ara kò ní gba ẹrù náà lójijì mọ́. Géèmù ń ta ìyípo ní odindi ni, o kàn máa gbé e kalẹ̀. Ìwọ lo máa mọ eré tí ọkọ̀ yóò bá wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn ìdánwò, géèmù á ya àwòrán bí ẹrù ṣe ń wúwo, tó sì ń fúyẹ́, lára èrò ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ìlà bá ti lọ sábẹ́ òdo, ohun tó ń ṣe èrò dáńfó ìjókòó ẹ̀yìn ni: dẹ́rẹ́bà kó sí gálọ́ọ̀pù, ìdí kúrò lórí àga. Onírúurú èèyàn ń sanwó fún èyí. Ẹrù tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá ni kò sẹ́ni tó fẹ́. Bó bá kọjá ìlọ́po 2.80 ìwúwo èèyàn, pupa ni géèmù ń fi kọ ọ́. Ohun tí ọlọ́kadà ń ṣe ní kọ́nà ni oògùn rẹ̀: tẹ ojú irin sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹrù tó ń tini síta lè di èyí tó ń tẹni mọ́ ìjókòó.

Nọ́ńbà mẹ́ta ni kósítà ń gbà níkẹyìn: adùn rẹ̀, líle rẹ̀, àti bó ṣe ń gbé èébì tó. Èyí tó bá le kọjá 10, ọ̀pọ̀ àlejò yóò wò ó títí, wọn yóò sì kọjá lọ. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rọrùn láti gbọ́, ó ṣòro láti gbà: mo ti kọ́ kósítà tó yára ju gbogbo tèmi lọ tí kò sẹ́ni tó gùn ún. Àwọn Yorùbá ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Nínú ọgbà Sawyer, a mọ̀ ọ́n. Tẹ orí àlejò èyíkéyìí, wàá ka ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Bí ọ̀nà tó jáde láti ìdí kósítà rẹ bá sì kún fún èébì, o kò nílò láti tẹ orí ẹnikẹ́ni.

Géèmù kò sọ gbogbo rẹ̀. Kò sọ nípa irin tó ń rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, tàbí ilẹ̀ tó ń rì. Ọkọ̀ tó bá já lójú irin níbẹ̀ á gbiná, èrò á máa sá fún un, o lè wó o kí o tún un kọ́. Stengel kò ní àǹfààní yẹn.

Mo padà sídìí òkè kejì, mo bù ú kù ní mítà díẹ̀. Ọkọ̀ rọra wọ́ dé orí rẹ̀ bí àgbà tó ń gun àtẹ̀gùn, ó ṣe bí ẹni fẹ́ dúró, ó wá rá pálá bọ́ sódìkejì. Mo ṣí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí àlejò àkọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, mo sáré tẹ orí rẹ̀ kí n mọ èrò rẹ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ebi ló ń pa á.