Ṣé Kó Máa Bá Ìwé Lọ, àbí Kó Dúró Ná?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, gààrí àti epo sí ẹ̀bá títì Orè sí Benin, a ò ní ta ọjà àdánù o. Ọ̀rọ̀ tá a mú wá lónìí ń jẹ ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn, ojú ló ń tì wá láti sọ ọ́ síta.

Ìyá kan láàárín wa ní ọmọkùnrin kan ní yunifásítì. Owó gààrí ló fi ń rán an níwèé. Bó bá kó àjọ, ibẹ̀ ló ń bá a lọ. Ọmọ dé fún ìsinmi, kò mú èsì ìdánwò jáde. Nígbà tí ìyá bi í títí, ó bú sẹ́kún. Ó ti fìdí rẹmi nínú kóòsì márùn-ún. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ n fi í sílẹ̀. Owó yín ni mò ń fi ṣòfò."

Bàbá ní àbùkù ló fẹ́ kó bá ìdílé. Ẹ̀gbọ́n ìyá ní kó lọ kọ́ṣẹ́ rewáyà kíá. Ìyá fúnra ẹ̀ ń ṣírò owó tó ti ná, orí ẹ̀ gbóná.

Ẹ jẹ́ ká fọkàn balẹ̀ rò ó. Owó tá a ti ná ti lọ, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti jẹrà nínú agbọ̀n ni. Èyí tá a tún fẹ́ ná, ṣé yóò lérè? Ìyẹn ló yẹ ká bèèrè. Bí ọjà ò bá tà, a kì í da igbá nù lọ́jọ́ kan náà. A ó kọ́kọ́ wò ó bóyá ọjà ni kò dáa, àbí ibi tá a tẹ́ ẹ sí.

Ohun tó ń da ọmọ láàmú pọ̀. Ebi ń pa òmíì. Òmíì, kì í ṣe iṣẹ́ tó wù ú ni wọ́n fún un kọ́. Tẹ́tẹ́ ti gba òmíì lọ́wọ́ wa. Òmíì ò lè sùn, ìrònú ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹ má gbàgbé 2022 náà: ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní 14 Oṣù Kejì, ó di 14 Oṣù Kẹwàá kí wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Àwọn ọmọ kan tọ́ owó wò nígbà yẹn, ọkàn wọn ò padà sídìí ìwé mọ́.

Àìsàn kọ̀ọ̀kan ló ní oògùn tiẹ̀. Bó bá jẹ́ owó, ìjọba àpapọ̀ ṣòfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ní 2024, NELFUND ni wọ́n ń pe àjọ tó ń bójú tó o. Kò ní èlé, iléèwé ni wọ́n ń sanwó fún tààrà, ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ sì ni sísan padà ń bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ àwọn iléèwé ìjọba ló wà fún, gbèsè sì ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ tó ń kọ́ ni kò bá a lára mu, kó tọrọ ẹ̀ka mìíràn, tàbí kó lọ sí politẹ́kíníìkì bíi Rufus Giwa l'Ọ́wọ̀, níbi tí OND ti ń gba ọdún méjì. Bó bá jẹ́ àìsàn tàbí àárẹ̀, kó kọ lẹ́tà sí iléèwé, kó tọrọ àyè ọdún kan. Ẹ má jẹ́ kó kàn sá kúrò o. Ẹni tó bá lọ láìsọ, àyè ẹ̀ lè bọ́. Ọdún kan ò ba ayé ọmọ ogún ọdún jẹ́. Ẹni tí ò bá tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ nígbà tó jáde ṣì lè sin ìlú.

Ìyá tá à ń wí yìí bá ọmọ ẹ̀ wọ mọ́tò lọ síbi tó ń gbé níléèwé. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ló tú àṣírí: iléeṣẹ́ búrẹ́dì lọmọ ń ṣiṣẹ́ lóru, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló ń jẹun, torí kò fẹ́ kí ìyá òun tún lọ jẹ gbèsè. Ìyá sunkún. Wọ́n lọ bá olùkọ́ tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn, wọ́n kọ lẹ́tà, iléèwé sì fún un lọ́dún kan. Ó ń bá ìyá ẹ̀ ta gààrí báyìí. Ẹ̀yáwó yẹn ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ tọrọ bó bá wọlé padà.

A bi ìyá bóyá ọmọ á padà lóòótọ́. Ó ní, "Bó bá padà, ọpẹ́ ni. Bí kò bá padà, ọmọ mi náà ni."

Ẹ̀yin ìyá, ẹ bi ọmọ yín léèrè kẹ́ ẹ tó bínú. Ire o.