Ìwé Orúkọ Àwọn Àgbà

 Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń béèrè ohun tí ìwé tí à ń kọ orúkọ àwọn àgbàlagbà sí wà fún. Ìtàn rẹ̀ gùn díẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló buyì kún wa.

Ní òpin oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn kòrónà ní ilẹ̀ wa, àlejò kan tó ti Ítálì wọ Èkó. Kó tó pé oṣù kan, ìjọba Èkó ti ti gbogbo ọjà pa, àyàfi ti oúnjẹ, omi àti oògùn. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta, àṣẹ Ààrẹ Bùhárí bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti Àbújá: kónílé ó gbélé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ni wọ́n tó dẹ̀ ẹ́. Òṣòdì tí èrò kì í tán níbẹ̀ wá dá páropáro.

Rédíò ń kéde pé àgbàlagbà ni àrùn náà ń pa jù, pàápàá ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà. Àwa ìgbìmọ̀ gbọ́, a ní kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún má ṣe yọjú mọ́. A rò pé ìfẹ́ ni. A fi fóònù ṣe ìpàdé láàrin ara wa, a yọ owó ra ìrẹsì àti gàárì, a sì pín in fún ẹni tó bá wá gbà á lẹ́nu ọ̀nà akápò. Ẹ gbà wá o! Àwọn tí a ní kí wọ́n má jáde, báwo ni wọ́n ṣe máa wá gba gàárì? Ní Ire-Akárí, ire kò kárí lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́, tó ti wà nínú ẹgbẹ́ kí àwa tó dé, ló pè wá lórí fóònù. Kò tilẹ̀ dúró gba ìkíni. Ó ní, "Akọ̀wé, ṣé ẹ ti sin mí ni? Owó mi ń bẹ lọ́wọ́ yín, ẹ ń náwó ẹgbẹ́, ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè. Bàbá télọ̀ ńkọ́? Ta ló ti gbúròó wọn?"

Kò sẹ́ni tó gbúròó wọn. Bàbá ń dá gbé ni, àwọn ọmọ wọn wà lẹ́yìn odi. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ méjì wọ ìbòmú lọ kan ilẹ̀kùn, ohùn tó dáhùn kò lágbára. Gàárì ṣì wà nínú ilé. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ti tán láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, bàbá kò sì fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Láti ọjọ́ náà, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa. Wọ́n jókòó sílé, a ń fi káàdì ìpè ránṣẹ́. Wọ́n ní kí àgbà kọ̀ọ̀kan máa pe àgbà mẹ́rin láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Bí fóònù ẹnì kan bá dún lẹ́ẹ̀mejì tí kò gbé e, ọ̀dọ́ tó bá sún mọ́ ibẹ̀ á lọ, á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń lọ ra nǹkan, àwọn àgbà ló ń sọ ohun tí wọn yóò rà. Ìyá kan wà tí a gbé ìrẹsì fún, tí ojú ń tì í láti kọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ fún pé àmàlà lòun ń fẹ́. Nínú oṣù kẹrin yẹn náà ni ìròyìn ọlọ́ṣà gba Èkó kan, tí àwọn ọkùnrin ń dáná sun táyà lóru láti ṣọ́ àdúgbò. Ìpè alẹ́ ni ọ̀pọ̀ tó ń dá gbé fi ń rí oorun sùn.

Bàbá télọ̀ gbádùn. Àwọn ni wọ́n rán ìbòmú aláṣọ tí a pín ní oṣù karùn-ún, wọ́n sì gba owó wọn pé, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ẹni tí à ń ṣàánú. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé ní 2021, tó wá kan àwọn àgbàlagbà, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ló kọ́kọ́ na apá.

Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́: nígbà tí kòrónà rọlẹ̀, ìpè náà dáwọ́ dúró. Ní ìpàdé tó kọjá, ìyá béèrè ìwé náà. A pe nọ́ńbà mọ́kànlá níwájú wọn, márùn-ún péré ló lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ tuntun. Ìwé wà lórí tábìlì akápò. Ẹ jọ̀wọ́, nọ́ńbà tiyín ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ti ọmọ yín tó wà ní Lẹ́kí.