Páìpù Kékeré Tó Ń Gbé Kẹrosíìnì Wọlé

Ní Northern Ireland tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ plọ́ḿbà, kẹrosíìnì ni ó ju ìdajì ilé lọ fi ń móoru nígbà òtútù. Gáàsì tó ń gba inú páìpù wá láti Scotland kò dé ibẹ̀ àfi ní 1996, ọ̀pọ̀ abúlé kò sì tíì rí i di òní. Ẹ̀yìn ilé ni táǹkì máa ń wà, bọ́ílà a wà ní kíṣìnì tàbí níta lẹ́bàá ògiri. Ohun tó so àwọn méjèèjì pọ̀ ni iṣẹ́ tèmi: páìpù bàbà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 10 péré.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó ra ilé níbẹ̀ máa ń bẹ̀rù kẹrosíìnì yìí. Nọ́ọ̀sì kan ní Tyrone bi mí pé, "Bùọ̀dá, ṣé kò ní bú gbàmù mọ́ àwọn ọmọ lórí báyìí?" Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá. Ta ló dàgbà ní Nàìjíríà tí kò gbọ́ nípa sítóófù tó bú, nítorí kẹrosíìnì tí wọ́n ti fi pẹtiróòlù lú? Mo ní, "Àǹtí, kẹrosíìnì tí kò ní àbùlà kì í yá gbiná bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ gbóná dé 38°C kí oru rẹ̀ tó lè gbiná. Jíjò ni kí ẹ bẹ̀rù." Ó lè máa kán sínú ilẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí imú tó gbọ́ ọ. Ó tilẹ̀ máa ń la ara páìpù oníke tó ń gbé omi ẹ̀rọ kọjá, tí omi mímu á fi máa rùn.

Oríkèé ni ọ̀ràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Páìpù tí wọ́n ká jọ, tí wọ́n ti fi ike bò láti ilé iṣẹ́, ni mo máa ń rà, kí n lè nà án láti ẹnu táǹkì dé ara ògiri láìgé e. Àwọn kan a máa so àjákù mọ́ àjákù, wọ́n á sì fi erùpẹ̀ bo oríkèé mọ́lẹ̀. Èmi ò ní bá wọn dá sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Púpọ̀ nínú ohun tí plọ́ḿbà omi fi ń jẹun nílé kò wúlò níbí. Síǹkì ara páìpù irin máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú epo, ìdọ̀tí rẹ̀ á sì dí ihò tín-tìn-tín tí bọ́ílà ti ń fọ́n epo jáde. Òjé tí wọ́n fi ń jó páìpù pọ̀ á yọ́ bí iná bá sọ. Rọ́bà lásán á wú, á rọ̀. Nítorí náà, ńṣe là ń fẹ ẹnu páìpù bí ẹnu kàkàkí, tí a ó fi núùtù idẹ fún un mọ́ ẹnu kejì, láìwé tépù funfun kankan mọ́ ọn.

Kòtò tí a ń sin páìpù sí á jìn tó mìlímítà 450. Yanrìn á wà lábẹ́ páìpù àti lórí rẹ̀, tépù ìkìlọ̀ á wà lókè fún ẹni tí yóò gbẹ́ ilẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n kí a tó bò ó, a ó ti fi afẹ́fẹ́ kún páìpù, a ó sì fi ìfófó ọṣẹ pa gbogbo oríkèé.

Níta, kí epo tó wọlé, ni fáàfù tó ń dá epo dúró bí iná bá sọ máa ń wà. Okùn bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ara rẹ̀ lọ sínú bọ́ílà. Bí ibẹ̀ bá gbóná kọjá ààlà, bíi 66°C nínú ọ̀pọ̀ bọ́ílà, fáàfù á tì. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti kàn án sínú kíṣìnì, lókè bọ́ílà gan-an. Epo á ti wọlé tán kó tó kan fáàfù!

Bí táǹkì bá wà nísàlẹ̀ ju bọ́ílà lọ, pọ́ǹpù ara bọ́ílà ni yóò fa epo gòkè. Níbi tí wọ́n ti ń fà á, oríkèé tí kò fún dáadáa lè má jò síta rárá. Afẹ́fẹ́ ló ń fà wọlé. Ẹ ò ní rí ẹ̀kán kan nílẹ̀, àmọ́ iná á kú, bọ́tìnì pupa á tàn, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, yóò jó díẹ̀, yóò tún kú. Mo ti bá ilé pàdé tí wọ́n ti ra pọ́ǹpù tuntun, núùtù kan nídìí táǹkì ló ṣẹ́kù kí wọ́n fún. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń jẹ́ Tiger Loop máa ń yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú epo: pọ́ǹpù á fa epo ju èyí tí iná ń jó lọ, ìyókù á padà sínú ẹ̀rọ náà, afẹ́fẹ́ á jáde. Ìta là ń kàn án sí nítorí oru kẹrosíìnì. Ó dára, ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kí wọ́n fi bo oríkèé burúkú mọ́lẹ̀.

Àwọn ilé àtijọ́ kan wà tí páìpù wọn gba abẹ́ kọnkéré kíṣìnì kọjá. Bí ẹ bá bá irú rẹ̀ nínú ilé tí ẹ rà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe. Kí plọ́ḿbà gé e, kí ó dí i lẹ́nu, kí ó gba ìta na tuntun.